Agbọ́n Olójú Ìyeyè

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógójì kí Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì, kò sì tíì sí kòkòrò kan ṣoṣo láyé yìí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará Ilé Kòkòrò lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń fi gígún òkú kòkòrò lábẹ́rẹ́ jẹun, ọ̀ràn ńlá ni. Ilé náà ní àjà mẹ́ta. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àpótí onígíláàsì ló kún ibẹ̀, kòkòrò sì tò sínú wọn bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de ìbáwí. Ọ̀gá tó jẹ ṣáájú Ọ̀jọ̀gbọ́n ní labalábá méjì àti tata kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ. Obìnrin ẹ̀ka ẹ̀fọn ní ẹ̀fọn mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ń kó àìsàn ranni, èyí gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún àlejò. Kódà ọkùnrin tó ń tọ́jú ìwé ní yàrá ìkàwé ní iná kan tí wọ́n rí lára òwìwí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ilé náà. Iná lásán, kò ní.

Ohun tó wá ń dun ènìyàn jù ni pé kò lè fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Òfin kò sọ pé kí ènìyàn má fi orúkọ ara rẹ̀ sọ kòkòrò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dán an wò, yẹ̀yẹ́ ni wọn yóò máa fi í ṣe títí ayé rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọ. Ìwọ a wá fọwọ́ bo ẹnu, a la ojú sílẹ̀, a ní, “Èmi kẹ̀?” Ọ̀jọ̀gbọ́n ti mọ ojú ìyanu yẹn í ṣe. Bó bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, ó máa ń fi kọ́ra níwájú dígí, tí ìyàwó rẹ̀ á máa kígbe láti yàrá pé, “Ṣé ọ̀bẹ yẹn ti gé yín ni?”

Ẹni tó bá rò pé Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò jókòó máa retí ẹ̀bùn títí yóò fi kógbá wọlé, kò mọ Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Lórí pẹpẹ fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ ló ti rí agbọ́n náà, ó ti kú, ó ká ẹsẹ̀ kò bí ẹni tí òtútù mú. Kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Ara rẹ̀ dúdú kirikiri, àfi ojú tó pọ́n bí ìyeyè tó pọ́n dénú. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e sábẹ́ awò tí í sọ kékeré di ńlá, ó wò ó, ó sì tún wò ó.

Irú agbọ́n yìí kì í ṣe èyí tí í kọ́lé sábẹ́ òrùlé, tí í lé ènìyàn jáde sí títì láìwọ bàtà. Àwọn wọ̀nyí kò ní ọba, wọn kò ní ẹgbẹ́, wọn kì í ṣèpàdé. Anìkandọdẹ ni wọ́n. Ìyá kọ̀ọ̀kan á wá ihò tirẹ̀, ìbáà ṣe ihò ìṣó, ìbáà ṣe ihò tí kòkòrò inú igi gbẹ́ sílẹ̀. Á máa lọ, á máa bọ̀, á máa gbé àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tí í fa omi lára ewé. Á ta wọ́n lóró tí wọn kò ní lè mira, á kó wọn jọ sínú ihò bí oúnjẹ inú àká, á yé ẹyin lé wọn lórí, á sì fi oje igi dí ẹnu ọ̀nà. Abo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Akọ ń yá oòrùn. Oúnjẹ rẹ̀ kò ju oyin òdòdó lọ, oró rárá kò ní, ó kàn lẹ́wà lójú ni. Akọ sì ni èyí tó wà lábẹ́ awò Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó tú ìwé palẹ̀. Agbọ́n kan ṣoṣo ló jọ ọ́ ní ìrísí apá àti ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n dúdú látòkè délẹ̀ ni ìyẹn, abo rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì mọ̀. Àlejò onímọ̀ kan tó wá láti òkèèrè ló sọ ọ́ lórúkọ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Orúkọ ẹnì kan ni wọ́n fi sọ ọ́, tí wọ́n fi ìrù èdè Látìn kún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ orúkọ náà dáadáa. Àìmọye ọdún ló ti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀kan lára àwọn baba ńlá ìmọ̀ yìí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń tẹ orí ba díẹ̀ tó bá dé ibẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè pé baba ńlá wo, á ní kí wọ́n lọ kàwé.

“Òmíràn ni,” ló sọ sókè. “Tuntun ni!”

Obìnrin tó wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kò gbójú sókè. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gún kòkòrò, òun ló ń kọ ìwé pélébé tí í wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tí a ti rí i, ọjọ́ tí a rí i, ẹni tó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ kì í yára.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Ihò ìṣó mẹ́ta ló wà lára igi fèrèsé yín níbí tí agbọ́n ti fi oje dí. Ohun tó bá jáde ńbẹ̀ ló máa sọ fún wa ọmọ ta ni olójú ìyeyè yìí.”

“Ìgbà wo ni wọ́n máa jáde?”

“Ìgbà tó bá wù wọ́n ni. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìka ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ọjọ́ méjìlélógójì. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ló ní lọ́wọ́. Ó wá wò ó bí ẹni pé agbọ́n àti Ìyá Abẹ́rẹ́ ló jọ gbìmọ̀ ọjọ́ kan yẹn.

“Ìyá Abẹ́rẹ́,” ó ní, “abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi yín jẹ. Wọn ò fi yín jẹ awò.”

“Òótọ́ ni, Ọ̀gá.” Ó mú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó fi ẹnu wọn bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ igi, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku ẹni tí yóò sọ kòkòrò lórúkọ. Ọkùnrin kan wà ní ẹ̀ka náà, ẹni ogójì ọdún, bàbá ọmọ méjì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ́ nígbà kan rí. Gbogbo ilé ló ń pè é ní Bẹ́ẹ̀nisà. Bí òjò bá ń rọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ní oòrùn mú jù, Bẹ́ẹ̀nisà á máa nu àágùn.

“O ti rí kòkòrò tuntun kan,” Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún un.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Níbo ni mo ti rí i, sà?”

“Lórí fèrèsé mi. O yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnu yà ọ́, ó sì wù ọ́ láti fi bu ọlá fún olùkọ́ rẹ. Ìwé rẹ̀ nìyí. O ti kọ ọ́ tán.”

Bẹ́ẹ̀nisà gba ìwé náà. Ojú ewé mẹ́jọ ni. Ní ìparí rẹ̀, níbi tí a ti ń ṣàlàyé orúkọ, ó rí i kà pé òun fi kòkòrò yìí bu ọlá fún “òpó ìmọ̀, àtùpà tí ẹ̀fúùfù kò lè pa, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ rí ohun tí ẹgbẹ̀rún ojú kò rí.” Oríkì mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti yọ ọ̀kan kúrò nítorí ìrẹ̀lẹ̀.

“Ṣé kí n kọ́kọ́ yẹ kòkòrò náà wò kí n tó fọwọ́ sí i, sà?”

“O ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wà lójú ewé kejì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ó fọwọ́ sí i.

Olóòtú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ jẹ́ ẹni tí òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé. Ohun tí í gba ẹlòmíràn lóṣù mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló gbà. Nígbà tí ìwé náà jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e lọ sílé, ó tẹ́ ẹ síwájú ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ ò rí i? Orúkọ mi ò lè parẹ́ mọ́ láyé.”

Ìyàwó rẹ̀ wo àwòrán náà títí. “Agbọ́n?” ó ní. “Bàbá àwọn ọmọ mi, nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, agbọ́n? Ẹyẹ tán ni?”

“Ẹ ò mọ iyì ẹ̀.”

“Kí ni ó máa ń ṣe gan-an?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n rántí oòrùn yíyá. “Ó ń... ó ń darí,” ó ní.

Wọ́n kan àpótí kékeré kan fún un, igi dídán, gíláàsì níwájú. Agbọ́n olójú ìyeyè wà láàárín rẹ̀ lórí abẹ́rẹ́, ìwé pélébé pupa wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pupa ni wọ́n fi ń dá àkọ́rí kòkòrò, èyí tí orúkọ tuntun dúró lé, mọ̀. Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ni wọn yóò ṣí i lójú gbogbo ilé, Olùdarí yóò sì ka oríkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ kóòtù tuntun. Ó dé ọ́fíìsì, ó bá Ìyá Abẹ́rẹ́ lórí ìdúró. Obìnrin yìí kì í dúró bí kò bá nídìí.

“Ọ̀gá, wọ́n ti jáde.”

Kò bi í pé àwọn wo. Ó wo fèrèsé. Nínú ìgò ihò àárín, agbọ́n mẹ́rin ń rìn lórí ara wọn. Mẹ́ta dúdú láti òkè délẹ̀. Ìkẹrin dúdú pẹ̀lú, àfi ojú. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.

“Ìyá kan ló bí wọn,” Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ. “Ihò kan, oje kan. Dúdú ni obìnrin, olójú ìyeyè ni ọkùnrin. Kòkòrò kan náà ni, Ọ̀gá. Èyí tí ẹ sọ lórúkọ, ọkọ èyí tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ ni.”

Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣàlàyé ìyókù fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí kòkòrò kan bá ní orúkọ méjì, èyí tó ṣáájú ló ń jẹ́. Àbúrò rẹ̀ kì í parẹ́, yóò wà lábẹ́ ẹ̀gbọ́n ní lẹ́tà wínníwínní títí ayé, kí gbogbo ènìyàn lè máa rí i pé ẹnì kan ti ṣìṣe rí. Ó tu ara rẹ̀ nínú díẹ̀. Ó kéré tán, abẹ́ ẹni ńlá ni òun yóò wà.

“Abẹ́ baba ńlá ìmọ̀ wa,” ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Baba ńlá wo?”

“Ẹni tó ni orúkọ agbọ́n dúdú.”

Ìyá Abẹ́rẹ́ wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún púpọ̀, bí ẹni pé àánú ṣe é. “Ọ̀gá, Bàbá Géètì ni.”

“Bàbá... èwo?”

“Èyí tó ń ṣílẹ̀kùn fún yín láràárọ̀. Nígbà tí àlejò yẹn wá, agbọ́n kọ́lé sínú ihò kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹnu géètì. Àwa fẹ́ fi wáyà tú u. Bàbá Géètì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé títí ọmọ fi jáde. Bó ṣe kọ̀ fún wa yẹn ló jọ àlejò náà lójú tó fi gba orúkọ rẹ̀ sọ kòkòrò. Èmi ni mo kọ ìwé pélébé rẹ̀. Ó wà ní dúrọ́ọ̀ kejì lápá òsì yín. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tó ti wà ńbẹ̀.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ṣí dúrọ́ọ̀. Fèrèsé ló lọ. Ó yọ ìgò náà lára igi, ó ti gíláàsì fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbọn ìgò síta. Agbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fò lọ sínú oòrùn. Ó nu ọwọ́ lára kóòtù tuntun.

“Ẹ ò rí nǹkan kan,” ó ní. “Èmi náà ò rí nǹkan kan.”

“Ti ihò àárín nìyẹn,” Ìyá Abẹ́rẹ́ fèsì. “Àná ni ti ihò ìbẹ̀rẹ̀ ti jáde. Dúdú márùn-ún, olójú ìyeyè méjì. Ẹ ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi mí jẹ. Òun náà ni mo fi gún wọn. Mo ti kọ ìwé wọn, mo sì ti gbé wọn fún ẹni tó kọ̀wé nípa ẹ̀.”

“Èmi ni mo...” Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó sáré wá Bẹ́ẹ̀nisà kàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti di àpótí agbọ́n méje mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti ń to àga.

“Gbé ìyẹn fún mi,” Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ.

Bẹ́ẹ̀nisà kò gbé e. Ohun tí kò ṣe rí ló ṣe: ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ló kọ ìwé yẹn?”

“Ìbéèrè wo nìyẹn? Orúkọ ta lo rí níbẹ̀?”

“Orúkọ mi ni, sà. Ẹ ṣeun. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo ṣìṣe, èmi náà ni màá sì tún un ṣe lónìí, káwọn mìíràn tó bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé ká sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ká sọ fún wọn pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ pe ara yín ní àtùpà.” Ó gbé àpótí náà mọ́ àyà. “Èwo ni ká mú, sà?”

Ọgbọ̀n ọdún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi kọ́ni pé àwíjàre kì í tán lẹ́nu onímọ̀. Ti ọjọ́ náà tán.

“O ti ń gbójú sí mi,” ló kàn rí sọ.

“Rárá, sà,” ni Bẹ́ẹ̀nisà wí, ọ̀rọ̀ náà sì jọ òun pàápàá lójú.

Bí ètò ṣe lọ nínú gbọ̀ngàn nìyí. Olùdarí, tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún, ka oríkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Obìnrin ẹ̀ka ẹ̀fọn pa tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo èékánná. Wọ́n ṣí aṣọ lórí àpótí kékeré. Bẹ́ẹ̀nisà dìde, ó ní òun bẹ ilé, òun ní àtúnṣe kékeré kan sí ìwé òun. Ó sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ pọ̀: ìyá kan, ihò kan, agbọ́n kan; orúkọ ọgbọ̀n ọdún ló dúró. Ó ní ẹ̀bi náà jẹ́ tòun nìkan, nítorí pé kò yẹ kí òun fọwọ́ sí ohun tí òun kò fojú ara òun wò. Ó sì kó kòkòrò méje káàkiri fún gbogbo ènìyàn láti wò.

“Orúkọ ta ni ti àkọ́kọ́ yẹn?” ẹnì kan bi láti ẹ̀yìn.

“Orúkọ Bàbá Géètì,” ni Ìyá Abẹ́rẹ́ dáhùn, láìdìde.

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí ẹnu, ojú rẹ̀ ti là sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ojú ìyanu tó ti fi ọ̀pọ̀ àárọ̀ kọ́ níwájú dígí ni, ó sì pé pérépéré. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbà pé àwọn kò rí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, ó gbé àpótí rẹ̀ há abíyá, ó gba ọ̀nà géètì lọ. Bàbá Géètì jókòó lórí àpótí ìjókòó tirẹ̀. Ó ti yẹ kó fẹ̀yìn tì ṣáájú Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ti sọnù lọ́fíìsì kan, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

“Àna mi, ẹ rọra o,” ó ní.

“Ta ni àna yín?”

“Ìyá Abẹ́rẹ́ ti sọ fún mi. Wọ́n ní ẹ ti gbé ọmọ mi níyàwó.” Ó rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta yọ. “Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ fi ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ò sì kí mi lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹ wá wò ó, láìkí ara wa, a ti di ẹbí.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ilẹ̀kùn yàrá ẹnu géètì. Oje igi wà lẹ́nu ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ń dán.

“Bàbá,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, “nígbà tí àwọn ọmọ yẹn bá ń jáde níbí... ṣé ẹ máa ń rí olójú ìyeyè láàárín wọn?”

“Lọ́dọọdún ni. Dúdú á jáde, olójú ìyeyè á jáde. Àlejò yẹn náà ò dúró rí i, ó ń kánjú bá ọkọ̀ lọ.”

“Ẹ wá mọ̀ ọ́n láti ọgbọ̀n ọdún! Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ta ló bi mí?”

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ìwé ńlá tí àwọn tó ń jáde ń fọwọ́ sí. Orúkọ tirẹ̀, aṣọ́nà ọjọ́ náà, wà lókè ojú ewé, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, lọ́nà tí ẹni tó pẹ́ kó tó mọ̀wé í kọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀, ojú ewé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìlà tóóró kan ló kù.

“Ẹ fi orúkọ yín síbẹ̀, kí n ṣílẹ̀kùn fún yín,” Bàbá Géètì sọ. Ó na bírò sí i. “Ẹ kọ ọ́ wínníwínní o. Àyè ò pọ̀.”